Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Sáyẹ́ǹsì Ìpínlẹ̀ Èkó: ẹ fún wa ní yàrá kan tí iná ibẹ̀ kì í lọ

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó fún Ìwádìí Sáyẹ́ǹsì àti Ìṣẹ̀dá Tuntun, èyí tí a mọ̀ sí LASRIC.

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. N ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ná kí n tó ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé ìwé tó ń dé orí tábìlì yín kò kéré. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́ yàrá kan sí Mainland níhìn-ín, yàrá tí a ó ti máa dán bátìrì wò, tí iná ibẹ̀ kò ní lọ, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan, fún odidi ọdún mẹ́wàá. Mi ò ní kí ẹ dá ilé-iṣẹ́ bátìrì sílẹ̀. Mi ò sì tọrọ owó ìwádìí fún ara mi. Yàrá kan ni, àti ọdún mẹ́wàá.

Electrochemistry ni iṣẹ́ mi, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí kẹ́míkà ṣe ń di iná mọ̀nàmọ́ná, tí iná náà sì tún ń padà di kẹ́míkà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. South Africa ni mo ti kọ́ apá kan, Èkó ni mo ti ń lo èyí tó kù. Àwọn ará àdúgbò wa ní Bárígà ń pè mí ní Ìyá Oníbátìrì. Wọ́n á gbé fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti wú wá, wọ́n á ní kí n bá àwọn wò ó. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí bátìrì tó ti wú ju pé kí n ní kí wọ́n tètè gbé e kúrò nítòsí ọmọdé. Ohun tí mo lè sọ fún wọn ni ohun tó pa á, ẹjọ́ náà kì í sì í sábà jìnnà sí ooru.

Ẹ jẹ́ kí n fi bátìrì fóònù yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ó wà lápò gbogbo yín. Bí ilé méjì tí àlejò kan ń pààrà ló rí. Ilé kìíní jẹ́ graphite, nǹkan dúdú kan náà tó wà nínú pẹ́ńsù. Ilé kejì jẹ́ èròjà tí cobalt àti ọ́síjìn wà nínú rẹ̀. Lithium ni àlejò náà. Bí ẹ bá ki fóònù bọ iná, á kó lọ sínú graphite. Bí ẹ bá ń lo fóònù, á máa padà síbi tó ti wá. Bó ṣe ń gba inú bátìrì kọjá ni iná ń gba wáyà níta, iná yẹn ló sì ń bá yín ṣiṣẹ́.

Ẹni tó fi hàn pé lithium lè wọ inú graphite kó sì tún jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ọmọ Áfíríkà ni. Rachid Yazami ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Fez ní Mòrókò ni wọ́n bí i sí ní 1953. Ní nǹkan bí 1980, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Grenoble nílẹ̀ Faransé. Omi kẹ́míkà tí wọ́n ń lò nínú bátìrì nígbà náà máa ń bá lithium wọ inú graphite, á sì fọ́ ọ yángá. Yazami wá yọ omi náà kúrò, ó fi irú ike kan tí lithium lè gbà kọjá rọ́pò rẹ̀, graphite sì dúró. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Draper, ẹ̀bùn ńlá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ní 2014, òun àti John Goodenough, Akira Yoshino àti Yoshio Nishi. Nígbà tí Nobel dé ní 2019, Goodenough, Yoshino àti Stanley Whittingham ló gbà á. Òfin Nobel kò gbà kí ẹ̀bùn kan ju ẹni mẹ́ta lọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọlé sí kíláàsì mi kò gbọ́ orúkọ Yazami rí, bẹ́ẹ̀ wọ́n fi ọwọ́ di iṣẹ́ rẹ̀ mú bí mo ṣe ń kọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń fi ránṣẹ́ lábẹ́ tábìlì.

Àkókò ni mo fẹ́ fi ìtàn yìí tọ́ka sí, ẹ fi ti ẹ̀bùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ní àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ epo ni Whittingham ti ń ṣiṣẹ́, Exxon, ní Amẹ́ríkà. Ó ṣe bátìrì lithium kan tó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lithium gidi tó fi ṣe apá kan rẹ̀ máa ń hu abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́, abẹ́rẹ́ náà á gún apá kejì, iná á sọ. Ilé-iṣẹ́ náà pa iṣẹ́ ọ̀hún tì nígbà tó yá. Goodenough gbé e láti ibẹ̀ ní Oxford. Ní 1980 ni òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé èròjà cobalt jáde. Ẹni ọdún 57 ni. Ọdún yẹn náà ni Yazami ń bá graphite fà á ní Grenoble, kò sì sí ẹni tó rán an níṣẹ́ fóònù. Ní 1985, Yoshino ní Japan fi èédú tí wọ́n rí lára epo rọ̀bì ṣe apá kejì, ó sì yọ lithium gidi kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ó di 1991 kí Sony tó tà á lọ́jà. Ẹ ka ọdún náà fúnra yín. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí wọ́n fún ní oṣù méjìlá kí ó fi mú ọjà jáde.

Oxford ní òfin pé ẹni ọdún 65 gbọ́dọ̀ lọ sílé. Goodenough kò dúró dè é. Ní 1986 ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Texas. Ibẹ̀ ló wà ní 1997 tí òun àti àwọn ọmọ láàbù rẹ̀ tẹ iṣẹ́ lórí iron phosphate jáde, bátìrì tí kò ní cobalt nínú, tí kì í tètè gbiná. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé ní Lekki àti Surulere so mọ́ ínfátà wọn lónìí, tí wọ́n kàn ń pè ní "lithium". Ẹni ọdún 74 ni Goodenough nígbà yẹn. Ní Nàìjíríà, ọ̀jọ̀gbọ́n a máa fẹ̀yìntì ní 70. (Mi ò ní kí ẹ yí òfin yẹn padà o. Àwọn kan wà nínú wa tó yẹ kí wọ́n ti lọ sílé láti 50.)

Ó wá kan ọ̀rọ̀ iná.

Bí a bá ṣe èròjà bátìrì tuntun, a kì í fi ṣe bátìrì ńlá. Sẹ́ẹ̀lì kékeré tó rí rògòdò pẹlẹbẹ la ń fi ṣe, irú èyí tó wà nínú rìmóòtù kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Inú àpótí kan tó kún fún gáàsì argon la ti ń dì í, ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn la sì ń ti ọwọ́ bọ̀ kí a tó lè kan nǹkan nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé iyọ̀ tó wà nínú bátìrì lithium kò fẹ́ rí omi sójú. Tí omi bá kàn án, ásíìdì kan tó ń jẹ gíláàsì ló máa dà. Nítorí náà, ìrì inú àpótí yẹn kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ wá fi ojú inú wo Àkọkà tí láàbù wa wà, pẹ̀lú ọ̀sà ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí aṣọ tí a sá láàárọ̀ kì í ti í gbẹ tán nígbà òjò. Tí iná bá lọ, fáànù tó ń yí gáàsì náà po á dúró, ìrì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé.

Èyí ṣì kéré. Lẹ́yìn tí a bá di sẹ́ẹ̀lì tán, a ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tí a ń pè ní cycler. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kó máa ṣáájì sẹ́ẹ̀lì, kó sì máa tú iná rẹ̀ sílẹ̀, kó sì máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sílẹ̀. Ká ní wákàtí méjì ló fi ń gba iná, wákàtí méjì ló fi ń tú u. Bí a bá fẹ́ ṣe é nígbà ẹgbẹ̀rún, wákàtí 4,000 nìyẹn, ó tó nǹkan bí oṣù márùn-ún àbọ̀, tọ̀sán-tòru, láìdúró. Bí iná bá lọ láàárín, sẹ́ẹ̀lì náà á dúró sójú kan, yàrá á gbóná torí ẹ̀rọ amúlétutù ti kú, iná inú sẹ́ẹ̀lì á máa rọra dínkù fúnra rẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, tí ìlà orí kọ̀ǹpútà wá já wálẹ̀, kí ni kí n kọ sínú ìwé? Ṣé èròjà mi ló rẹ̀ ni, àbí NEPA ló ṣe é? Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò lókè òkun kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á dá a padà.

Ní oṣù kẹrin 2024, nígbà tí owó iná Band A fò láti 68 náírà sí 225 fún ìwọ̀n kan, ìlérí tó bá a rìn ni iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́. Ilé tó bá rí i gbà dúpẹ́, èmi náà ì bá dúpẹ́ nílé mi. Ṣùgbọ́n ogún wákàtí lójúmọ́ túmọ̀ sí pé cycler á kú lójoojúmọ́. A máa ń tan jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Owó dísù rẹ̀ ti ju owó kẹ́míkà tí a ń rà lọ, ìṣẹ́jú tí wọ́n sì fi ń sáré lọ tan án ti tó láti da nǹkan rú. Ní 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ, kò sí ẹni tó máa tan án rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè bínú sí. Iná yìí ti ń yan iṣẹ́ fún wa. Èésan tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń dáná láyé àtijọ́, a ń sun ún báyìí ní 700 sí 800°C pẹ̀lú kẹ́míkà, á di èédú tí ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, a ó wá fi ṣe supercapacitor, ohun kan tó ń tọ́jú iná pamọ́ bíi bátìrì, àmọ́ tó ń tètè gbà á, tó sì ń tètè tú u. Ìwé ìwádìí lórí èésan àti èèpo àgbọn pọ̀ ní Nàìjíríà bí ilẹ̀ bí ẹní. Iṣẹ́ gidi wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìdí tí supercapacitor fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bátìrì fi ṣọ̀wọ́n. Supercapacitor lè gba iná kó sì tú u láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbà 10,000 kò ju ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ lọ. Ó ṣeé há sí àárín iná tó dé àti iná tó lọ. Ọmọ tó fẹ́ gba oyè PhD kó tó darúgbó mọ èyí, ó sì yan ohun tó máa parí. Mi ò lè bá a wí. Lójú tèmi, ìlú tí ìwádìí rẹ̀ kò lè ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bátìrì.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló kan ará Mushin nínú gbogbo èyí? Ó kàn án gan-an.

Ẹ wo ìwé tó bá bátìrì ínfátà wá láti Alaba. Wọ́n kọ iye ìgbà tí ó lè gba iná kó tó rẹ̀ síbẹ̀. Inú yàrá tí wọ́n mú tutù sí 25°C ni wọ́n ti sábà máa ń wọn iye yẹn. Níbo ni 25°C wà ní Èkó lọ́sàn-án oṣù kẹta? Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé ínfátà sí, tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tàbí yàrá ẹrù tí kò ní fèrèsé. Àwọn tó mọ bátìrì olójé ní ìṣirò kan tí wọ́n ń lò: bí ooru bá fi 10°C gòkè, ọjọ́ ayé bátìrì á dín sí ìdajì. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí ọdún mẹ́rin fún ní 25°C, tó wá gbé e sí 35°C, ọdún méjì ló rà. Owó ọdún mẹ́rin ló san. Kì í ṣe pé oníṣòwò rẹ́ ẹ jẹ, oníṣòwò gan-an ka ìwé tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ni. Lẹ́yìn náà, rewáyà ni wọ́n á máa bá jà.

Bátìrì lithium náà kì í bá ooru ṣọ̀rẹ́, àmọ́ ọ̀nà tí ooru ń gbà pa á yàtọ̀. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà tó máa ń bo ojú graphite láti ìgbà àkọ́kọ́ tí bátìrì bá ti gba iná. Awọ náà ń dáàbò bò ó, lithium ni ó sì fi ń ṣe ara rẹ̀. Bí ooru bá pọ̀, awọ náà á máa nípọn sí i, á máa jẹ lithium tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́. Báyìí ni bátìrì ṣe ń rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń fara dà á. Ohun tí mo fẹ́ ni kí a gbé oríṣi tó wà lọ́jà Èkó sínú àpótí tí a mú gbóná sí 35°C, sí 40°C, ká máa ṣáájì wọn, ká máa tú iná wọn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan, ọdún mẹ́ta, ká sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i, ní Yorùbá, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Píjìn. Ìyá tó ń ta omi tútù ní Oyingbo ní ẹ̀tọ́ láti mọ èyí kó tó kó owó àjọ lé bátìrì lórí.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní iṣẹ́ SON nìyẹn, àjọ tó ń rí sí bí ọjà ṣe péye ní Nàìjíríà. SON ní tirẹ̀: kí ọjà tí kò péye má wọlé. Bátìrì tó péye ní 25°C tí kò bá ojú ọjọ́ wa mu, kì í ṣe ayédèrú, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ ibodè tó lè dá a dúró. Àwọn kan á tún ní kí ìjọba àpapọ̀ ṣe é. Kí ló dé? Òfin Iná Mọ̀nàmọ́ná Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2024 ti jẹ́ ká gba ọjà iná wa sọ́wọ́ ara wa. Ẹni tó gba iná gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tọ́jú u.

Òjé ńkọ́? Bátìrì olójé tó bá ti kú, àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù á kó o, á sì dé ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é láìsí ìtọ́jú, òjé ń bọ́ sínú ilẹ̀, ó ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, kì í sì í tètè jáde. Bí bátìrì kan bá lo ọdún mẹ́rin dípò méjì, òjé tó ń lọ síbi ìyọ́ á dín sí ìdajì. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ yìí gùn, àwọn oníṣègùn mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Àwọn olóṣèlú fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa lithium tó wà nílẹ̀ Nasarawa, Kwara, Ekiti àti Ọ̀yọ́. Òkúta ni. Ó jìnnà sí bátìrì bí kòkó inú oko ṣe jìnnà sí mílò inú agolo, iṣẹ́ tó sì wà láàárín méjèèjì ni àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ fẹ́ ṣe. Ọ̀kan tó já fáfá jù nínú wọn ti wà ní Jámánì. Ó kọ̀wé sí mi pé láti ìgbà tí òun ti dé, cycler òun kò tíì dúró rí. Kò sọ nǹkan mìíràn nípa ìlú náà.

Bí ẹ bá gbà, ẹ má gbé yàrá náà lé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo lọ́wọ́, ìbáà ṣe èmi. Ó máa di ogún bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí UNILAG, YABATECH, LASU, LASUSTECH àti FIIRO, ilé ìwádìí iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Oṣòdì, jọ máa lò ó, kí àyè sì wà fún àwọn ọmọ tó ń tú bátìrì láptọ́ọ̀pù palẹ̀ ní Computer Village, torí àwọn yẹn ti fi ọwọ́ kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ojú kà. Ẹ san owó gidi fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. A máa ń ra ẹ̀rọ olówó ńlá lórílẹ̀-èdè yìí, a kì í ra ẹni tó máa tún un ṣe. Ẹ fi sólà sórí òrùlé, kí ẹ sì fi bátìrì tó pọ̀ sílé. Àwọn bátìrì tó ń gbé iná yàrá náà ró gan-an, a ó máa kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sílẹ̀, èsì àkọ́kọ́ wa nìyẹn.

Owó rẹ̀ kò ní kéré. Àmọ́ owó ìrànwọ́ tí a ń pín káàkiri fún oṣù méjìlá méjìlá, tí ẹnì kan fi ra ẹ̀rọ tí kò ní iná, tí ẹlòmíràn fi ra iná tí kò ní ẹ̀rọ, òun náà kò kéré bí a bá ṣírò rẹ̀ pọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí mò ń sọ, ẹ wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Àkọkà. Ẹ má kọ̀wé ṣáájú, torí bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, wọ́n á ra dísù sílẹ̀, iná kò sì ní lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ kàn ya wá ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ kan. Aago mẹ́sàn-án sí mẹ́rin ni mo máa ń wà ní láàbù, àfi ọjọ́ Wẹsidé tí mo ní kíláàsì.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Olùkọ́ electrochemistry kan ní Àkọkà, Èkó